Báwo ni wọ́n ṣe ń dí rédà lójú? Ẹ bá wa dá sí i

ỌmọÌkẹnnẹ́ · Ọjọ́ Ẹtì, 7:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àríyànjiyàn ńlá ló ṣẹlẹ̀ lónìí ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. A ń wo ìròyìn ogun, wọ́n ní àwọn kan kọ́kọ́ jáàmù rédà ọ̀tá, ìyẹn ni pé wọ́n dí ẹ̀rọ tí ọ̀tá fi ń ṣọ́ bàálù lójú, kí bàálù wọn tó wọlé. Ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n ń gé irun fún ní kò yàtọ̀ sí àfẹ́ẹ̀rí, pé bàálù náà kàn pòórá ni. Ẹnì kejì ní irọ́ ni, pé wọ́n ń pa rédà láti òkèèrè bí ìgbà tí èèyàn fi rìmóòtù pa tẹlifíṣọ̀n.

Fóònù ni mo ń tún ṣe, mo sì mọ̀ pé kò sí rìmóòtù tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí n ṣàlàyé, mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ohun tí kò yé mi rèé: rédà tóbi, iná tó ń jẹ pọ̀, odidi ilé ni wọ́n ń kọ́ fún un. Báwo ni ẹ̀rọ kékeré tó so mọ́ abẹ́ apá bàálù ṣe ń bò ó mọ́lẹ̀? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

BàbáRédíò_Ṣàgámù · 8:25 alẹ́

Àbúrò mi, o kú ìbéèrè. Ọdún 26 ni mo fi ṣiṣẹ́ nídìí rédà tí wọ́n fi ń darí bàálù kí n tó fẹ̀yìn tì wá sílé ní Ṣàgámù. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú. Rédà kì í rí nǹkan. Gbohùngbohùn, ìyẹn ohùn tó ta padà, ló ń gbọ́.

Ó ń ju ìgbì rédíò jáde. Ìgbì yẹn ń sáré 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó kọlu bàálù, díẹ̀ nínú rẹ̀ ta padà, ẹ̀rọ ka àkókò tó fi lọ tó fi bọ̀, ó sì mọ ibi tí bàálù jìnnà dé. Bí bàálù bá wà ní 30 kìlómítà, tí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sọ́nà mílíọ̀nù kan, 200 péré nínú rẹ̀ ni gbohùngbohùn á fi padà dé.

Ìdáhùn ìbéèrè rẹ wà nínú àlọ àti àbọ̀ yẹn. Àlọ ń jẹ agbára, àbọ̀ náà ń jẹ ẹ́. Tí bàálù bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, gbohùngbohùn rẹ̀ kì í dín sí ìdajì, kì í tilẹ̀ í dín sí ìdá kan nínú 4. Ìdá kan nínú 16 ló máa kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ apá bàálù, tó ń fi ìgbì rédíò pariwo mọ́ rédà, àlọ nìkan ni tirẹ̀. Ìrìn ẹ̀ẹ̀kan ni ariwo rẹ̀ ń rìn, nítorí náà ìlọ́po méjì ọ̀nà dín in kù sí ìdá kan nínú 4 péré. Rédà lè máa jẹ iná tó tó ti odidi àdúgbò, ohun tó ń padà wọ etí rẹ̀ kéré débi pé ariwo díẹ̀ ló máa bò ó.

Ẹni tó bá ti wakọ̀ lóru lọ́nà Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú-Òde mọ̀ ọ́n lára. Iná ọkọ̀ rẹ ń tàn, o ń rí kòtò, o ń rí ewúrẹ́ tó fẹ́ sọdá. Ọkọ̀ kan yọ níwájú pẹ̀lú fúùlù láìtì. Iná tìrẹ ò kú, kò sì dín kù. Ewúrẹ́ ṣì wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ ṣì ń kàn án. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ta padà láti ara ewúrẹ́ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tó ń wọ ojú rẹ tààrà. Jáàmù nìyẹn. Kì í ṣe àfẹ́ẹ̀rí, kì í sì í ṣe rìmóòtù.

Akẹ́kọ̀ọ́_Agó · 8:41 alẹ́

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ọkọ̀ tó tan fúùlù láìtì sí mi lójú yẹn, òótọ́ ni pé mi ò rí ewúrẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ọkọ̀ náà wà! Ṣé ẹni tó ń jáàmù kò fi ara rẹ̀ hàn ni?

BàbáRédíò_Ṣàgámù · 9:10 alẹ́

O rí i dáadáa. Ariwo ń bò ọ́, ó sì tún ń ṣòfófó rẹ. Lójú rédà, ẹni tó ń jáàmù á dà bí ìlà ìmọ́lẹ̀ tó na láti àárín dé etí: ìhà tó wà hàn, jíjìnnà rẹ̀ ni kò hàn. Ká ní rédà kan wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, òmíràn wà ní Ìṣarà, ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni bàálù wà. Mísáìlì wà lóde òní tó jẹ́ pé ariwo jáàmù gan-an ló ń tẹ̀ lé lọ bá ẹni tó ń pa á.

Ìtàn kan wà tí mi ò lè gbàgbé lórí èyí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé rédà kékeré kan sí ìdí àwọn bàálù ajubọ́ǹbù wọn, Monica lorúkọ rẹ̀, kó máa kìlọ̀ tí ọ̀tá bá ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní 13 oṣù Keje 1944, bàálù Jámánì kan, Junkers 88, ṣìnà lóru, ó sì bà sí pápákọ̀ Woodbridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tú u wò. Wọ́n bá ẹ̀rọ kan nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Flensburg, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa gbọ́ igbe Monica kó sì máa júwe ibi tó ti ń wá. Ohun tí wọ́n so mọ́ ìdí bàálù kó lè máa ṣọ́ wọn ló ń pe apànìyàn wá bá wọn lókùnkùn. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti bá a lọ kí wọ́n tó mọ̀, ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí. Wọ́n yọ Monica kúrò lẹ́yìn náà.

ÌyáBéjì_Ìpẹ́rù · 9:32 alẹ́

Ẹ kú àlàyé, bàbá wa. Aránṣọ ni mí o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Bàbá mi tó ti lọ máa ń sọ pé wọ́n da bébà dídán láti ojú òfurufú nígbà ogun Hitler, tí rédà kò mọ èwo ni bàálù mọ́. Mo rò pé àlọ́ ni. Ṣé òótọ́ ni?

TíṣàFísíìsì_Òde · 10:05 alẹ́

Mọ̀mí Béjì, òótọ́ ni bàbá yín sọ. Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni mo sì máa ń fi jí wọn lójú oorun lọ́sàn-án.

Bébà náà, wọ́n lẹ alumíníọ́ọ̀mù mọ́ ọn. Ẹ mú téèpù tí ẹ fi ń wọn aṣọ: 27 sẹ̀ǹtímítà ni gígùn rẹ̀, bí ìnṣì 10 ààbọ̀, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2 sẹ̀ǹtímítà. Wọn ò ṣàdédé gé e bẹ́ẹ̀. Rédà Jámánì tí wọ́n ń pè ní Würzburg, ìgbì rẹ̀ gùn tó 53 sẹ̀ǹtímítà. Tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ bá gùn tó ìdajì ìgbì, ó máa ń dá ìgbì yẹn lóhùn ju bí ìwọ̀n rẹ̀ ṣe kéré lọ, bí okùn gòjé ṣe máa ń mì fúnra rẹ̀ tí ẹnì kan bá kọ ohùn tirẹ̀ gan-an létí rẹ̀. Ẹ gé e kúrú jù, kò ní dáhùn. Ẹ gé e gùn jù, kò ní dáhùn dáadáa. Obìnrin kan, Joan Curran, onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Wales, ló ṣiṣẹ́ débi pé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ló dára jù. Mo máa ń dárúkọ rẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin kíláàsì mi.

Window ni orúkọ àṣírí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún un, ìyẹn fèrèsé. Èyí tó jọ mí lójú jù ni pé wọ́n ní in lọ́wọ́, wọn ò lò ó fún ohun tó lé lọ́dún kan. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé tí Jámánì bá rí i nílẹ̀, òun náà á gé tirẹ̀ wá da sórí London. Ẹni tó ju òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Jámánì náà sì ti ní tirẹ̀, Düppel ni wọ́n ń pè é, ìbẹ̀rù kan náà ni wọn ò sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ìhà méjèèjì jókòó lé oògùn kan náà, kálukú rò pé òun nìkan ló ní in.

Ní òru 24 oṣù Keje 1943 ni wọ́n ṣí i. Bàálù Gẹ̀ẹ́sì 791 ló gbéra lọ sí Hamburg ní Jámánì. Ìdì bébà kan láàárín ìṣẹ́jú kan ni bàálù kọ̀ọ̀kan ń jù sílẹ̀, ewé 2,200 ló wà nínú ìdì kan. Lójú àwọn tó ń wo rédà nísàlẹ̀, ọ̀run kún fún bàálù ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìbọn tí rédà ń darí kò mọ ibi tó máa kọjú sí. Bàálù 12 péré ni wọ́n pàdánù. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ ọ́ bí ìtàn ayọ̀: àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, iná jó Hamburg débi pé àwọn tó kú lé ní 30,000, obìnrin àti ọmọdé ló sì pọ̀ nínú wọn.

ÌyáBéjì_Ìpẹ́rù · 10:19 alẹ́

Háà. Olúwa má jẹ́ ká rírú ẹ̀. Bàbá mi kò sọ apá ti ìkẹyìn yẹn fún wa rí.

Tíṣà wa, ṣé bébà yẹn ṣì ń tàn wọ́n jẹ títí di òní ni?

BàbáRédíò_Ṣàgámù · 10:50 alẹ́

Wọ́n ṣì ń lò ó, okùn gíláàsì tín-ín-rín tí wọ́n fi alumíníọ́ọ̀mù bò ló pọ̀ jù báyìí. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi rí àbùkù rẹ̀. Bébà kò ní ẹ́ńjìnnì. Kété tó bá ti kúrò nínú bàálù, afẹ́fẹ́ á dá a dúró, á wá máa rọra bọ̀ wálẹ̀ bí ewé, bàálù á sì ti sáré lọ. Ohun tó ń sáré bọ̀ wá bá rédà máa ń yí ìgbì padà díẹ̀, bí ohùn hóònù ọkọ̀ ṣe máa ń ga tó bá ń bọ̀ tó sì máa ń rẹlẹ̀ tó bá ti kọjá. Àwọn ará Jámánì so ohun èlò tí wọ́n ń pè ní Würzlaus mọ́ rédà wọn kó lè máa ya ohun tó ń sáré sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ń léfòó. Wọ́n tún gbé rédà tuntun, SN-2, sínú bàálù tó ń ṣọdẹ lóru. Ìgbì tirẹ̀ gùn ju mítà 3 lọ, bébà onísẹ̀ǹtímítà 27 kò sì rí i mú. Ní òru 30 sí 31 oṣù Kẹta 1944, nínú bàálù Gẹ̀ẹ́sì 795 tó lọ sí Nuremberg, 95 ni kò padà.

Oṣù mẹ́jọ péré ló wà láàárín 12 àti 95 yẹn.

ỌmọOrímolúsì · 11:02 alẹ́

Ẹ̀yin àgbà, gbogbo eléyìí ti di ọ̀rọ̀ àtijọ́. Amẹ́ríkà ti ní bàálù tí rédà kì í rí rárá. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi jáàmù ṣe?

TíṣàFísíìsì_Òde · 11:15 alẹ́

Àbúrò, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ìyẹn ń dín gbohùngbohùn kù nípa bí wọ́n ṣe gé ara bàálù àti ọ̀dà tí wọ́n kùn ún; kì í pariwo. Kì í sì í ṣe pé rédà kì í rí i rárá: ní 27 oṣù Kẹta 1999, wọ́n fi mísáìlì S-125 tó ti pẹ́ já F-117 kan, ọ̀kan nínú irú bàálù Amẹ́ríkà yẹn, lulẹ̀ ní Serbia. Kódà irú bàálù bẹ́ẹ̀ ń jàǹfààní jáàmù. Tí gbohùngbohùn rẹ bá ti kéré tẹ́lẹ̀, ariwo díẹ̀ ló máa tó láti bò ó.

Akẹ́kọ̀ọ́_Agó · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:55 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Mi ò sùn dáadáa nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Mo kà níbì kan pé jáàmù tó le jù kì í ṣe ariwo, irọ́ ni. Pé bàálù lè purọ́ fún rédà nípa ibi tó wà. Bàbá, báwo nìyẹn ṣe ń ṣeé ṣe?

BàbáRédíò_Ṣàgámù · 7:30 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. O mọ àlọ́ Ajá àti Ìjàpá nígbà ìyàn? Ajá gbé ìyá rẹ̀ pa mọ́ sọ́run. Tí ebi bá ń pa á, á lọ sábẹ́ ọ̀run, á kọ orin, ìyá á sọ okùn kalẹ̀, á gòkè lọ jẹun. Ìjàpá fara pa mọ́, ó kọ́ orin náà, ó lọ kọ ọ́, ìyá sì sọ okùn kalẹ̀ fún un. Kí ló dé tí ìyá fi sọ okùn? Kò rí ẹni tó ń kọrin. Ohùn ló gbọ́, ohùn náà sì pé.

Bí wọ́n ṣe ń purọ́ fún rédà nìyẹn gan-an. Ẹ̀rọ tó wà nínú bàálù gbọ́ ìgbì rédà, ó ṣe àdàkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó sì kọ ọ́ padà bó ṣe gbọ́ ọ. Rédà á rò pé gbohùngbohùn òun ni.

Ẹ jẹ́ ká wò ó fínnífínní. Rédà tó ń darí mísáìlì kì í tẹ́tí sí gbogbo ojú ọ̀run. Tó bá ti mú bàálù kan, á ṣí fèrèsé kékeré kan sí ìgbà tí gbohùngbohùn yẹn yẹ kó dé, á ti gbogbo ìyókù. Bàálù á kọ́kọ́ rán orin èké pẹ̀lú ti gidi lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n kó le ju ti gidi lọ. Fèrèsé á fi tó le ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi díẹ̀díẹ̀ pẹ́. Ìdá 10 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan tó bá fi pẹ́, kìlómítà kan ààbọ̀ ni rédà á rò pé bàálù ti fi sún sẹ́yìn. Fèrèsé ń tẹ̀ lé èké lọ, ó ń kúrò lára òótọ́. Nígbà tó bá ti jìnnà tó, ẹ̀rọ á dákẹ́ lójijì. Rédà á wá tẹjú mọ́ ibi tí kò sí nǹkan kan.

Ariwo, èèyàn mọ̀ pé wọ́n ń pariwo mọ́ òun. Irọ́ tó dára, o lè má mọ̀ títí tí nǹkan á fi bàjẹ́.

ÌyáBéjì_Ìpẹ́rù · 8:12 àárọ̀

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ti èmi náà. Lọ́dún kan, Táyé mi sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ níbi Ojúde Ọba. Ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí: àwọn régbérégbé ń jó bọ̀, ìlù níhìn-ín, ìbọn lọ́hùn-ún, ẹṣin ń yan. Ọmọ náà ń sunkún níbi kan tí mi ò rí, mo sì gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó dúró tì mí kò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n èmi gbọ́, mo sì tẹ̀ lé ohùn náà títí mo fi bá a lẹ́bàá òpó iná. Ṣé rédà kò lè mọ ohùn ọmọ tirẹ̀ ni?

BàbáRédíò_Ṣàgámù · 8:40 àárọ̀

Ìyá Béjì, ọkàn mi yọ̀ sí ọ̀rọ̀ yín yìí. Ohun tí àwọn ẹnjiníà ṣe nìyẹn. Dípò kí rédà kan ju igbe lásán jáde, á kọ àpẹẹrẹ kan sára igbe náà, bí ẹkún Táyé ṣe ní bó ṣe ń lọ sókè sódò tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Tí gbogbo ariwo bá dé, ẹ̀rọ á máa wá àpẹẹrẹ yẹn nínú rẹ̀, ohun tó bá bá a mu á dìde, ìyókù á lọ sílẹ̀. Rédà ìgbàlódé tún ń yí fíríkúẹ́nsì, ìyẹn bí ìgbì rẹ̀ ṣe ń yára mì tó, padà nígbà gbogbo bí agẹmọ ṣe ń pàwọ̀ dà, kí ẹni tó fẹ́ jáàmù má bàa mọ ibi tó máa kó ariwo lé. Ẹni náà á wá ní láti fọ́n ariwo rẹ̀ ká gbogbo fíríkúẹ́nsì, agbára rẹ̀ á sì fẹ́lẹ́ níbi gbogbo.

AwakọÒgèrè · 12:20 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán. Tírélà ni mo ń wà. Lọ́dún tó kọjá mo páàkì ní Ògèrè, mo fẹ́ jẹun. Ọ̀gá mi pè mí: "Níbo lo wà? Ọkọ̀ rẹ ti kúrò lójú ẹ̀rọ mi." Mo ní ọ̀gá, ọkọ̀ rèé níwájú mi. Ó ní trákà ti dákẹ́ láti ogún ìṣẹ́jú. Mo wo ẹ̀gbẹ́, mo rí ọkọ̀ kékeré kan tó páàkì tì mí, ọkùnrin méjì jókòó sínú rẹ̀, wọn ò jẹun, wọn ò sọ̀kalẹ̀. Mo fi oúnjẹ sílẹ̀, mo sún tírélà lọ síbi tí iná wà lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá. Kò tíì ju pápá bọ́ọ̀lù méjì lọ tí ọ̀gá fi ní ó ti padà wá. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ nìyí?

TíṣàFísíìsì_Òde · 12:48 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ kò jókòó jẹun tán. Bó ṣe rí nìyẹn, ìṣirò kan náà ni. Sátẹ́láìtì GPS, tó ń jẹ́ kí trákà mọ ibi tí ọkọ̀ wà, wà lókè ní 20,200 kìlómítà, agbára tó fi ń sọ̀rọ̀ kò tó ti áyọ́ọ̀nù aṣọ. Nígbà tó bá fi máa dé orí tírélà yín ní Ògèrè, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín kọjá ohun tí ẹnu lè sọ. Ẹ̀rọ tí kò ju àpò sìgá lọ, tó bá ń pariwo lórí fíríkúẹ́nsì sátẹ́láìtì náà, 1575.42 MHz, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ti pa á mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá sì sún kúrò, ariwo rẹ̀ náà á tín-ín-rín, trákà á tún gbọ́ sátẹ́láìtì. Ìdí nìyẹn tí trákà fi padà lẹ́yìn pápá bọ́ọ̀lù méjì.

ỌmọOrímolúsì · 1:05 ọ̀sán

Níbo ni èèyàn ti lè rí irú ẹ̀ rà? Kì í ṣe fún olè o. Fóònù ń dún ní mọ́sáláṣí wa lákòókò ìrun, ó ń dà wá láàmú gidi.

BàbáRédíò_Ṣàgámù · 1:22 ọ̀sán

Ọmọ mi, mi ò ní júwe ibẹ̀ fún ọ, mo sì ń bẹ̀ ọ́ kí o má wá a. Òfin kò gbà kí ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ gbé ẹ̀rọ tó ń sọ ìgbì rédíò sáfẹ́fẹ́. Yàtọ̀ sí òfin, ariwo kì í mọ ògiri mọ́sáláṣí. Aboyún tó ń rọbí nílé kejì lè máa pe ọkọ rẹ̀ lásìkò yẹn. Àwọn bàálù tó ń lọ sí Ìkẹjà ń kọjá lórí wa níbí, pápákọ̀ òfurufú sì ti wà láàárín Ìpẹ́rù àti Ìlíṣàn báyìí. Mo ti jókòó sídìí ẹ̀rọ nígbà tí awakọ̀ bàálù ń pè pé òun kò gbọ́ wa dáadáa nínú òjò. O ò ní fẹ́ kó jẹ́ ìwọ lo fà á. Ẹ lẹ̀wé mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí lèmámù sì máa rán wọn létí.

Akẹ́kọ̀ọ́_Agó · 3:30 ọ̀sán

Mo rí nǹkan kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ọmọ aráyé kọ́ ló kọ́kọ́ jáàmù. Òòbẹ̀ tó ń fò nínú ilé wa lálẹ́, gbohùngbohùn ló fi ń ṣọdẹ kòkòrò, bíi rédà gan-an, ohùn ló ń lò dípò ìgbì rédíò. Àfòpiná kan wà nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Bertholdia trigona. Tí òòbẹ̀ bá ti súnmọ́ ọn, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìró láti ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, ó lè tó 4,500 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Òòbẹ̀ á gbá afẹ́fẹ́ mú. Ọdún 2009 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé jáàmù ló ń ṣe, kì í ṣe pé ó kàn ń dẹ́rù ba òòbẹ̀.

ÌyáBéjì_Ìpẹ́rù · 3:41 ọ̀sán

Ọlọ́run Ọba tóbi o.

BàbáRédíò_Ṣàgámù · 5:15 ìrọ̀lẹ́

Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un, nítorí gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, a kò tíì sọ̀rọ̀ ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ.

Nínú oṣù Kejì 1942, ọkọ̀ ogun ojú omi Jámánì mẹ́ta, Scharnhorst, Gneisenau àti Prinz Eugen, wà ní Brest ní ilẹ̀ Faransé. Wọ́n fẹ́ padà sílé, ọ̀nà tó yá sì gba ojú omi tóóró tó wà láàárín Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níwájú rédà Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Ọ̀gágun Martini tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ rédíò wọn kò dúró di ọjọ́ yẹn kó tó pariwo. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣáájú ló ti bẹ̀rẹ̀, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ sí i lọ́la, kí àwọn tó ń wo rédà lè rò pé ojú ọjọ́ ni. Ojú wọn mọ́ ọn lára. Nígbà tó fi di 12 oṣù Kejì, tí ariwo náà le débi tó bo ọkọ̀, kò jọ nǹkan tuntun lójú wọn mọ́. Ọ̀sán gangan ni àwọn ọkọ̀ náà kọjá níwájú Dover.

Ìtàn yẹn wọ̀ mí lára nítorí pé ó ti ṣe mí rí. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, ẹ̀rọ kan wà tí ìlà aláwọ̀ ewé ń sá kọjá lójú rẹ̀. Ariwo máa ń hù sórí ìlà náà bíi koríko kúkúrú, gbohùngbohùn bàálù á yọ lórí koríko bí igi ọ̀pẹ kan ṣoṣo. Mo ṣàkíyèsí pé koríko náà ń ga sí i, lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé òjò ni. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo kọ òjò, ọ̀run sì mọ́ kedere lọ́jọ́ kejì nínú wọn. Okùn áńtẹ́nà tí omi ti wọ̀ ló fà á. Ọ̀gá mi kò bú mi. Ó mú mi jókòó, ó fi bébà bo ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ, ó ní kí n fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí koríko ga dé láràárọ̀ kí n tó jókòó. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

ỌmọÌkẹnnẹ́ · 6:02 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun. Ìbéèrè mi tó kù: tí ariwo bá ń borí gbohùngbohùn, ṣé kò sí ìgbà tí gbohùngbohùn á borí ni?

TíṣàFísíìsì_Òde · 6:20 ìrọ̀lẹ́

Ó wà, ìwọ fúnra rẹ lè wò ó lálẹ́ òní. Ní kí ẹnì kan tan iná ọ̀kadà kọjú sí ọ níbi tó ṣókùnkùn. Nọ́ńbà ọ̀kadà náà ni bàálù, iná rẹ̀ ni jáàmù, tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ ni rédà. Nọ́ńbà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń dán tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án. Bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, máa rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí o sì ka ìgbésẹ̀ tó kù nígbà tí o bá lè ka nọ́ńbà. Tí o bá ń súnmọ́ ọn, iná ọ̀kadà ń le sí i, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tìrẹ tó ń ta padà ń yára le jù ú lọ, nítorí òun ló ń rin àlọ àti àbọ̀. Ibì kan wà tó ti máa là á kọjá. Ṣọ́ra o, má dúró sójú títì.

ỌmọÌkẹnnẹ́ · 8:47 alẹ́

A ti ṣe é, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ kan níbí. Ẹ̀gbọ́n tó ní àfẹ́ẹ̀rí ló jókòó sórí ọ̀kadà. Mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù mi rìn bọ̀ láti ọgbọ̀n ìgbésẹ̀. Ogún, mi ò rí nǹkan kan ju iná lọ. Mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ náà. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà ni mo fi rí lẹ́tà àkọ́kọ́, ó yọ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n sọ̀kalẹ̀, ó ní òun náà fẹ́ rìn ín.

BàbáRédíò_Ṣàgámù · 8:55 alẹ́

Ó dára gan-an. Ẹ wá tọ́ọ̀ṣì tó lágbára tó bí ìlọ́po mẹ́rin ti fóònù, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ má yí iná ọ̀kadà padà. Ó yẹ kó tó ìgbésẹ̀ méjìlá.

ỌmọÌkẹnnẹ́ · 9:31 alẹ́

A yá tọ́ọ̀ṣì ọdẹ àdúgbò. Mọ́kànlá.